Tẹmomíta Ọmọ Nínú Omi Sódà

"Tẹmomíta ọmọ lo kì bọ omi sódà? Sìdíkátù! Ṣé ọṣẹ ló ní ibà ni? Ṣé kí a fún un ní parasitamọ́ọ̀ pẹ̀lú?"

Bí ìyá àgbà rẹ ṣe pariwo rẹ̀ gan-an nìyẹn, Àṣàbí ọmọ mi. N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Kò tíì pé wákàtí kan. Gbogbo ilé wa ní Ayétòrò ló gbọ́. Ìyá Múráínà tó ń gbé yàrá iwájú rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo wọ yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé kẹ́místírì mi níbi tí ojú ìwé ṣì ṣófo. Ibẹ̀ ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni ọ́. O ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o la ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ rẹ kan wà lórí ojú ìwé tí mo fẹ́ kọ nǹkan sí, mo sì ń kọ ọ́ yí ọwọ́ náà ká. Ọjọ́ tí o bá ń gbé àpótí rẹ lọ síbi iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ni màá fún ọ. Mo mọ̀ pé àwọn òbí tí irun wọn ti ń funfun ló máa ń kọ irú lẹ́tà yìí. Èmi ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo ń kọ tèmi nísinsìnyí, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá dúró di ìgbà tí mo dàgbà, màá purọ́ fún ọ pé mo gbọ́n láti kékeré. Mi ò gbọ́n. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ihò lẹ́yìn ilé báyìí. Màá dé ibẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀. Mo fi iléèwé sílẹ̀ ní SS2 nígbà tí oyún rẹ hàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá iléèwé sọ fún Ìyá pé kí n padà wá, pé kí n wá lọ́jọ́ Monday tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní dúró dè mí mọ́. Mo sọ pé màá lọ. Mo tún sọ pé mi ò lọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti sọ pé màá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mi ò fẹ́ jókòó láàrin àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀yìn tí mo máa ń rán lọ pọn omi. Àná ni mo sọ èyí tó kẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, ìwé ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín se ọṣẹ." Ìyá kàn wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo òjò tí kò tíì pinnu bóyá òun máa rọ̀.

Ìrẹsì ni Ìyá ń tà kí ìjọba tó ti bọ́dà. Ẹ̀gùá ni wọ́n ti ń rà á, gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló mọ ohùn wọn. Nígbà tí bọ́dà tì, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n dìde, wọ́n fọ abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, wọ́n da ojú rẹ̀ dé, wọ́n ní, "Ìyá mi máa ń se ọṣẹ. Mo ṣì rántí." Ó parí síbẹ̀. Ikùn mi ti yọ nígbà yẹn, ẹnu àdúgbò kò sì sinmi lórí wa. Mi ò gbọ́ kí Ìyá ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Báyìí, àwọn ọlọ́mọ tuntun láti ibí títí dé Ìlaròó ló ń bèèrè ọṣẹ Ìyá Sìdí láti fi wẹ ọmọ.

Bàbá rẹ ń ṣe bíríkìlà ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà, bọ́dà sì tì mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Ó máa ń pè. Ọ̀rọ̀ èmi àti òun, ẹnu la ó fi sọ ọ́ fún ọ, kì í ṣe ìwé.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ọṣẹ wa: àdín, omi àti sódà. Sódà yẹn funfun, ó rí wẹ́wẹ́, kò jọ ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n dà á sínú omi tútù, láìsí iná, láìsí èédú, omi náà á gbóná títí tí á fi máa rú èéfín. Ìyá á ti fi ọ̀rá di ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n á ní, "Sódà ni kí o dà sínú omi o. O ò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí. Á tutọ́ sí ọ lójú." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, inú mi dùn débi tí mo fi pariwo, "Ìyá, ẹ̀ńtálípì!" Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ta ló dé?"

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyí. Kà á dáadáa.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tíṣà kẹ́místírì wa, ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lápá ẹ̀wù rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ya nǹkan onígun mẹ́ta kékeré kan sójú pátákó, ó kọ lẹ́tà H tẹ̀ lé e, ìyẹn àmì ẹ̀ńtálípì, ooru tí nǹkan ń gbà tàbí tó ń tú jáde, ó wá kọ mínọ́ọ̀sì mẹ́rìnlélógójì àti díẹ̀. Ó ní, "Bí ìwọ̀n sódà tí à ń pè ní móòlù kan bá yòrò nínú omi, iye ooru rẹ̀ nìyí. Kí ni àmì mínọ́ọ̀sì yìí ń sọ fún wa?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń sọ pé omi yẹn ń tutù."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn, "Sìdí, bu kọ́ọ̀pù kan mu ná!" Ojú tì mí, mo fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

"Ẹ dákẹ́. Ohun tó rò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nǹkan kúrò lóòótọ́. Lára ta ló ti kúrò? Lára sódà àti omi. Ibo ló lọ? Ó lọ sára ike, ó lọ sínú afẹ́fẹ́, ó lọ sí ọwọ́ Sìdí bó bá di ike mú. Ẹni tó ń fúnni la kọ mínọ́ọ̀sì sí níwájú. Àwọn tó yí i ká ló ń móoru."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò lóye rẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá se ọṣẹ ló tó yé mi. Ìyá ti gbẹ láti ìgbà tí bọ́dà ti tì. Ìró wọn máa ń tú sílẹ̀ bí wọ́n bá dìde. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé ayé ti jẹ obìnrin yìí tán. Irọ́ ni. Wo ìwọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣe yọ. Wo èmi tí mo sùn, tí mo jí, tí mo sì tún ń bínú sí àwọn ènìyàn bí ọmọ ọba. Níbi iṣẹ́ tí o ń lọ, ọmọ mi, o máa rí ẹnìkan tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé nǹkan rẹ̀ ń dín kù. Kí o tó káàánú rẹ̀, wo àwọn tó yí i ká. Bí ara wọn bá móoru, dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo gbàgbé pé obìnrin ni ọ́. Kúnlẹ̀.

Ìkejì. Tíṣà ní ooru kò ka ọ̀nà sí. Ó fi èédú ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní o lè jó o kí ó jóná tán lẹ́ẹ̀kan náà. O sì lè jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jóná dé ìdajì, kí ó di gáàsì olóró tó ń pa àwọn tó gbé èédú wọ yàrá sùn, kí o wá jó gáàsì yẹn náà. Bí o bá ro ooru méjèèjì pọ̀, iye kan náà ni. Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí o parí sí nìkan ló ṣe pàtàkì.

Ó ní, "Ẹ wo ìrìn láti Ìlaròó dé Ẹ̀gùá. Ẹ gba Ọjà-Ọ̀dàn o, ẹ yípo gba Ayétòrò o, Ẹ̀gùá ò ní tìtorí yín kúrò níbi tó wà."

Ráṣídì, ọmọ Ẹ̀gùá, dìde. "Sà, kọ́sítọ̀mù ńkọ́?"

Tíṣà ní, "Kọ́sítọ̀mù ò sí nínú òfin yìí."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe Ẹ̀gùá tiwa nìyẹn, sà."

A rẹ́rìn-ín títí tíṣà náà fi jókòó. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi òfin yẹn tan ara mi jẹ. Nígbà tí mo kúrò níléèwé, mo ní kò burú, bí mo ka ìwé parí lónìí, bí mo kà á parí ní ọdún mẹ́wàá, ibì kan náà ni màá dé. Mo wá sùn lé e lórí. Òfin náà kò sọ pé ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà ti dé, Àṣàbí. Ọ̀nà lè gùn, ó lè wọ igbó, ó lè gba inú ìrẹsì kọjá kó tó já sínú ọṣẹ bíi ti Ìyá. Kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn. Bí wọ́n bá sọ fún ọ níbi iṣẹ́ rẹ pé o pẹ́ kí o tó dé, sọ fún wọn pé o dé. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ nítorí ọ̀nà tó gùn. Ìjókòó ni kí ojú tì ọ́ fún.

Ìkẹta, èyí ṣì ń dùn mí. Tíṣà máa ń fi òbìrí kékeré róbótó kan sórí lẹ́tà H yẹn, bí eṣinṣin tó bà lé e. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti wọn ooru náà ní ipò tí gbogbo ayé fẹnu kò sí: ìwọ̀n nǹkan kan náà, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ bákan náà, ìwọ̀n ooru márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Bí kò bá sí òbìrí yẹn, ó ní, ẹ má fi nọ́ńbà Ayétòrò wé nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

Bùkọ́lá ni mo máa ń bá jókòó ní kíláàsì. Ó ti wà ní SS3 báyìí. Lọ́jọ́ Tuesday ó wá kí wa, ó gbé ọ, ó ń kọrin fún ọ, ó sì gbé ìwé iṣẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì rẹ̀ dání torí pé ó rò pé màá fẹ́ wò ó. Mo rí ìwé yẹn, mo sì jowú. Mo ní, "Ṣé o wá wo ibi tí mo parí sí ni?" Ó gbé ọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tún aṣọ bò ọ́ lẹ́sẹ̀, ó lọ. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Òun kò bímọ, èmi bímọ. Òun sùn lóru, èmi ò sùn. Mo fi nọ́ńbà mi wé tirẹ̀ láìwo òbìrí. Ìwọ má ṣe é.

Ó yẹ kí ìkẹrin wà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òní, kó má baà di pé mo ń sá fún un.

Lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, Ìyá fẹ́ lọ gba pákó onígun mẹ́rin mìíràn tí a máa ń da ọṣẹ sínú rẹ̀ kó lè dì, lọ́dọ̀ káfíńtà. Wọ́n ní kí n po sódà mọ́ omi, kí n gbé e sí kọ̀rọ̀, kí n má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi dé. Mo pò ó dáadáa. Mo wá ń wo èéfín rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni Ìyá máa ń fi mọ̀ bóyá omi sódà ti tutù tó: wọ́n á gbé e súnmọ́ ìhà ike, wọ́n á di ojú, wọ́n á ní, "Kò tíì tó," tàbí "Ó tó." Mo sọ fún ara mi pé èmi tí mo lọ síléèwé, nọ́ńbà ló yẹ kí n mọ̀. Mo ṣí nóòtù mi. Mo ṣírò ìwọ̀n sódà, mo ṣírò ìwọ̀n omi, mo rí ibi tó yẹ kí ooru náà gòkè dé. Inú mi dùn, ìṣirò yẹn kò sì ní àṣìṣe. Mo wá mú tẹmomíta tí Ìyá rà nígbà tí ibà mú ọ, mo kì í bọ inú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó bára mu.

Méjìlélógójì ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára tẹmomíta yẹn. Ara ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Mo ṣírò ibi tí ooru máa dé, mi ò wo ibi tí tẹmomíta parí sí.

Ó dún pá. Ohun tó ń dán nínú rẹ̀ tú sílẹ̀, ó rì sí ìsàlẹ̀ ike ní róbótó-róbótó bí ojú ẹja. Mo fi igi yọ ìgò tó fọ́, mo wé e sínú ọ̀rá, mo tì í sábẹ́ àga. Ìyá dé.

"Ṣé o fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, Ìyá."

Mo purọ́ báyẹn, ojú mi kò ṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó, wọ́n ní ó tó, wọ́n dà á sínú gbogbo àdín tó kù fún ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n sì rò ó títí ó fi ki bí ògì. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni o bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ara rẹ gbóná díẹ̀, Ìyá ní, "Sìdí, gbé tẹmomíta wá." Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa mọ́, mo jẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni ariwo tí mo kọ sókè yẹn ti wá.

Wọ́n pariwo tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà kàn ọ́ lọ́rùn, wọ́n ní, "Kò ní ibà. Eyín ló ń bọ̀." Wọ́n wá yíjú sí ike ọṣẹ láti dà á sínú pákó.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má dà á."

"Kí ló tún kù?"

"Ohun tó wà nínú tẹmomíta yẹn, mẹ́kúrì ni. Májèlé ni. Ó ti wà nínú ọṣẹ. Ẹni tó bá fi wẹ ọmọ..."

Ìyá Múráínà ti yọjú láti yàrá iwájú. "Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ jàre, Ìyá Sìdí! Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Ìyá kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá. Tíṣà wa kọ́ wa."

"Bó bá dá ọ lójú, ó tán. Èmi ò kàwé. Ìwọ lo kà á."

Wọ́n mú ọkọ́. Lẹ́yìn ilé, níbi tó jìnnà sí kànga, wọ́n gbẹ́ ihò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún wọn, wọ́n da gbogbo ọṣẹ yẹn sí i, wọ́n ju ike àti ọ̀rá ìgò fífọ́ lé e lórí, wọ́n bò ó. Wọn ò rojú. Wọn ò bú mi mọ́. Lójú gbogbo ilé, obìnrin tí ọjà rẹ̀ ti kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan tún fọwọ́ ara rẹ̀ sin òmíràn, torí pé ọmọ tó ní ìwé ti sú òun sọ ohun tó kà nínú ìwé. Àṣàbí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi fúnra mi ò gba ara mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n ń nu òógùn. Wọ́n ní, "Wá ṣàlàyé fún mi. Kí ló fọ́ ọ?" Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti mínọ́ọ̀sì, mo sọ ti nọ́ńbà méjìlélógójì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ni pé o mọ ibi tí iná ń lọ, o ò mọ ibi tí irin-iṣẹ́ rẹ parí sí. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí o má baà gbàgbé." Wọ́n dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Ìyá.

Ìkẹrin ti yọjú wàyí. Lábẹ́ fèrèsé yìí ni ọṣẹ tí a dà níjẹta wà nínú pákó, Ìyá fi àpò ìrẹsì àtijọ́ mẹ́ta bò ó. Bí a bá ti da ọṣẹ, Ìyá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i títí ọjọ́ mẹ́ta á fi pé. Ooru ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ṣí i wò, ó ti lé ooru rẹ̀ jáde." Èyí tó sán lóṣù tó kọjá, àdín ni Ìyá dá lẹ́bi. Èmi ni. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wò ó bóyá ó ti ń dì.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo ti kéde fún gbogbo ilé pé mò ń padà síléèwé. Mo sọ ọ́ gbóná-gbóná, wọ́n yọ̀ fún mi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó ti sán. Níbi tí o ń lọ, àwọn nǹkan kan máa wà tí o máa pinnu. Fi àpò bò wọ́n.

Yúnífọ́ọ̀mù mi wà nísàlẹ̀ àpótí. Lọ́la, màá fọ̀ ọ́ mọ́ àwọn ìlédìí rẹ, màá sá a sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Màá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí ara tí mo fi bí ọ. Lọ́jọ́ Monday, màá fún ọ lọ́mú yó, màá wọ yúnífọ́ọ̀mù náà jáde, Ìyá á sì fojú ara wọn rí i. Títí dìgbà náà mi ò ní sọ fún wọn. Bí bàbá rẹ bá pè, mi ò ní sọ. Mi ò ní sọ fún Bùkọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà wọn ni màá kọ́kọ́ yà láàárọ̀ ọjọ́ náà láti bẹ̀ ẹ́. Ìwọ nìkan ló wà níbí, o sì ń sùn.

Kí o tó lè ka ìlà yìí, á ti dì.

Ìyá rẹ,
Sìdí